Bí Ọnà Èdè Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Nínú Ewì Alohùn Yorùbá

Nínú ọfọ̀, ìlà méjì kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ dunjú:

Ohun tí a bá wí fún ọgbọ́ ni ọgbọ́ ń gbọ́,
Ohun tí a bá wí fún ọgbà ni ọgbà ń gbà.

Ọnà èdè mẹ́ta, ìyẹn ọgbọ́n tí akéwì fi ń lo èdè lọ́nà ẹwà, ló so kọ́ra níbẹ̀. Àwítúnwí ni èyí tó hàn jù: odidi ẹ̀hun ìlà kìíní ló padà wá nínú ìkejì, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló yí padà, tí ó fi jẹ́ pé etí olùgbọ́, tó ti mọ ibi tí gbólóhùn ń lọ, yóò dúró sórí àwọn ọ̀rọ̀ tó yí padà náà. Orí wọn gan-an ni ìfọ̀rọ̀dárà, ìyẹn fífi ìró ọ̀rọ̀ ṣeré, wà, nítorí pé ìró “gbọ́” wà nínú orúkọ ewé ọgbọ́, tí ìró “gbà” sì wà nínú ọgbà. Lójú ẹni tó ń pọfọ̀, ẹ̀rí ni ìjọra yìí jẹ́ pé iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe ti wà nínú orúkọ rẹ̀, orí ẹ̀rí yìí ni àṣẹ tó máa ń tẹ̀ lé irú ìlà bẹ́ẹ̀ sì ń dúró. Ẹ̀kẹta ni ìyàtọ̀ ohùn: ohùn òkè ló parí ìlà kìíní, ohùn ìsàlẹ̀ ló parí ìkejì, bí ẹni pe ìpè tí ẹlòmíràn sì jẹ́ ẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń retí kí ìparí ìlà fi fáwẹ́lì jọra, bí ó ti máa ń rí nínú ọ̀pọ̀ ewì Gẹ̀ẹ́sì, yóò fojú fo èyí pátápátá. Ohùn yìí kan náà ni onílù dùndún fi ń ki ènìyàn láìpe kọ́ńsónáǹtì kankan.

Iṣẹ́ àwítúnwí kì í sì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo. Nínú ẹkún ìyàwó, ìbànújẹ́ ìdágbére ni ó ń mú le sí i. Nítorí náà, kíkọ orúkọ ọnà èdè sílẹ̀ nìkan nínú ìdánwò kò tíì ṣàlàyé ohunkóhun.

Àfiwé rọrùn ní tirẹ̀: àfiwé tààrà máa ń lo “bí” tàbí “dàbí”, àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ kì í lò wọ́n, ṣe ló ń pe nǹkan kan ní òmíràn, bí a ti rí i nínú “òwe lẹṣin ọ̀rọ̀”.

Ní ti ìlà fúnra rẹ̀, ibi tí apohùn bá ti mí ló sábà máa ń pààlà rẹ̀. Nínú ìwé, ẹni tó ṣe àdàkọ ló ń pinnu, ìdí nìyẹn tí iye ìlà ìjálá kan náà fi lè yàtọ̀ lọ́wọ́ adàkọ méjì.