Bí ewì akọni àwọn Gíríìkì ṣe bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu, kó tó di ohun ìwé

Nínú ìwé kìíní Iliad, ewì Homer lórí ogun tí àwọn Gíríìkì bá ìlú Troy jà, inú ń bí akọni wọn, Achilles. Agamemnon, olórí ogun àwọn Gíríìkì, ti fipá gba obìnrin tí wọ́n kó lẹ́rú tí wọ́n sì fi dá Achilles lọ́lá. Ni Achilles bá kọ ogun sílẹ̀, ó jókòó ti àwọn ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ létí òkun Troy. Kò lọ sípàdé, kò lọ sógun. Síbẹ̀, ibi tó jókòó sí yìí gan-an ni Homer, akéwì Gíríìkì àtijọ́, ti pè é ní "Achilles ẹlẹ́sẹ̀ eré". Ó tún pe àwọn ọkọ̀ náà ní "asáré-lójú-òkun", bẹ́ẹ̀ wọ́n ti wà lórí iyanrìn fún ọdún mẹ́sàn-án, tí Agamemnon fúnra rẹ̀ sì sọ nínú ìwé kejì pé pákó wọn ti jẹrà.

Ó pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń rú àwọn ọ̀mọ̀wé lójú. Ará Amẹ́ríkà kan, Milman Parry, ló tú u ní àwọn ọdún 1920. Ìlà ewì Homer kọ̀ọ̀kan ní ìgbésẹ̀ mẹ́fà, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ sílébù gígùn kan àti kúkúrú méjì, tàbí gígùn méjì. Parry rí i pé àyè tó bá ṣẹ́ kù ní ìparí ìlà ló ń yan oríkì. Bí àyè bá gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, akéwì á ní *podas ōkys Achilleus*, "Achilles ẹlẹ́sẹ̀ eré". Bí àyè bá kéré, á ní *dios Achilleus*, "Achilles ẹni bí òrìṣà". Oríkì yìí ló ń fún un láàyè láti ro ìlà tó kàn. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìjálá rí mọ̀ pé oríkì ẹkùn kì í yí padà torí pé ẹkùn ń sùn.

Kí Parry tó kú ní 1935, ó lọ sí Yugoslavia lọ gbohùn àwọn akọrin tó ń ta gòjé olókùn kan tí wọ́n ń pè ní gusle. Ọ̀kan nínú wọn, Avdo Međedović, alápatà tí kò mọ̀wé, ka orin kan fún Parry tó lé ní ìlà 12,000, iye ìlà rẹ̀ sì tó ti Odyssey, ewì Homer kejì. Kò há a sórí. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń hun ún.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Gíríìsì. Ní nǹkan bí ọdún 1200 kí wọ́n tó bí Jésù, àwọn ààfin bíi ti Mycenae wó. Ìwé kíkọ tí wọ́n fi ń ka àgùntàn àti òróró níbẹ̀ bá wọn lọ, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sì kọjá láìsí ìwé. Ẹnu àwọn akọrin ni ìtàn ń gbé. Nínú ìwé kẹwàá Iliad, wọ́n fún Odysseus, akọni Gíríìkì mìíràn, ní àkẹtẹ̀ ogun tí wọ́n fi eyín ẹlẹ́dẹ̀ igbó ṣe. Irú rẹ̀ ni wọ́n hú jáde nínú àwọn sàréè ayé Mycenae, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń dé e mọ́ láyé Homer.

Ìdí nìyí tí akéwì fi ń bẹ Muse, òrìṣà obìnrin tó jẹ́ ọmọ Ìrántí. Kó tó ka àwọn ọkọ̀ tó lọ sí Troy nínú ìwé kejì, tí gbogbo wọn jẹ́ 1,186, ó ní bí òun tilẹ̀ ní ahọ́n mẹ́wàá àti ẹnu mẹ́wàá, òun kò lè ka àwọn èèyàn inú wọn tán láìsí ìrànlọ́wọ́ àwọn Muse. Mo gbà pé ẹ̀bẹ̀ yẹn ti ọkàn rẹ̀ wá. Ó tún ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ìtàn, nítorí gbogbo ẹni tó ń gbọ́ ti mọ orísun rẹ̀: ogun ọdún mẹ́wàá ni, nǹkan bí ọjọ́ 50 péré ni Iliad gbà sọ. Àfiwé rẹ̀ sì lè gba ìlà púpọ̀, àmọ́ èyí tí mo fẹ́ràn jù kúrú: òrìṣà obìnrin Athena gbá ọfà kúrò lára Menelaus, jagunjagun Gíríìkì kan, bí ìyá ṣe ń lé eṣinṣin lára ọmọ tó ń sùn.

Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kẹjọ kí wọ́n tó bí Jésù, àwọn Gíríìkì ti gba álífábẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn ará Phoenicia. Lára ife kan tí wọ́n hú ní Ischia ní Ítálì, ẹnìkan fín in pé ẹni tó bá mu nínú rẹ̀, ìfẹ́ òrìṣà Aphrodite aládé ẹlẹ́wà á mú un. Òṣùwọ̀n Homer ló fi kọ ọ́, toríkì-toríkì.

Ìgbà tí àwọn akéwì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kálàmù ṣiṣẹ́, irinṣẹ́ ẹnu di àṣà ìwé. Vergil, akéwì ní Róòmù, ráyè kọ, ó ráyè pa rẹ́, síbẹ̀ ó bẹ Muse, ó sì bẹ̀rẹ̀ láàárín ìjì lójú òkun. Ó ń pe Aeneas, akọni ewì rẹ̀, ní "olùfọkànsìn", ṣùgbọ́n òun ló ń yan ibi tó fi sí. Ní gbogbo ìgbà tí Aeneas wà lọ́dọ̀ ọbabìnrin Dido, olólùfẹ́ rẹ̀, nínú ìwé kẹrin, Vergil kò pè é bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí Aeneas gbọ́ ti òrìṣà, tó yíjú sí àwọn ọkọ̀ rẹ̀ láti máa lọ, ni oríkì náà padà.