Ojú tó jìn lẹ́yìn tí ara ti fọn: ṣé filler ni àbí iṣẹ́ abẹ?

Àwọn èèyàn wa tó ń gba abẹ́rẹ́ tó ń mú ara fọn, ìyẹn Ozempic, Wegovy tàbí Mounjaro, ti pọ̀ gan-an ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, torí ojú lọ̀pọ̀ nínú wọn sì ṣe ń wá rí èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ abẹ ojú báyìí. Ikùn ti wọlé, ẹ̀jẹ̀ ríru ti rọlẹ̀, orúnkún ò dùn wọ́n mọ́, àmọ́ wọ́n á dé òde ìgbéyàwó, ẹnì kan á fà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, "ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kò sí o, kí ló ń ṣe yín?" Láàárín wa, tójú èèyàn bá ti jìn, àìsàn la kọ́kọ́ ń rò, ọ̀rọ̀ yẹn sì máa ń dun ẹni tó ti ṣe wàhálà kó tó fọn débi pé lọ́jọ́ kejì ló ti ń wá ibi tí wọ́n á ti fi filler dí i, ìyẹn nǹkan tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ rọ sábẹ́ awọ kí ibi tó jìn lè kún. Ìkánjú yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ọ̀rá ojú ò wà lójú kan, àpò-àpò ni, àwọn kan wà lábẹ́ awọ, àwọn míì wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún lórí egungun, àwọn ló gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ẹ̀bátí dúró. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2021 lórí semaglutide, ìyẹn oògùn inú Wegovy, àwọn tó lò ó fún ọ̀sẹ̀ 68 pàdánù nǹkan bíi 15% ìwọ̀n ara wọn tá a bá pín in dọ́gba, ti tirzepatide inú Mounjaro lọ́dún 2022 sì sún mọ́ 21% fáwọn tó lo èyí tó lágbára jù. Ẹni tó wọn kílò 100 á ti sọ kílò 15 sí 20 nù nìyẹn, èèyàn ò sì lè bẹ ara pé kó mú ti ikùn nìkan. Awọ tó ti nà tẹ́lẹ̀ á wá rí bíi tìmùtìmù tí wọ́n yọ òwú inú ẹ̀. Tí ọmọ ọdún 25 bá fọn, awọ ẹ̀ ṣì lè sún kì, àmọ́ ẹni tó ti lé ní 45, àgàgà tó bá ti mu sìgá, kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń pè é ní "Ozempic face" bíi pé oògùn yẹn ló ń jẹ ojú, ṣùgbọ́n ó ti wà tipẹ́ lára àwọn tó ṣiṣẹ́ abẹ inú láti fi fọn, bí ara ṣe yára fọn àti bó ṣe pọ̀ tó ló ń fà á.

Wàhálà méjì ló wà níbẹ̀ o, ojú tó ṣófo àti awọ tó dẹ̀. Ẹ dùbúlẹ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ gbé dígí sókè wo ara yín. Tí ẹran tó ń rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbọ̀n bá para ẹ̀ mọ́, tójú sì dáa, awọ ló dẹ̀. Tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ẹ̀bátí bá ṣì jìn bẹ́ẹ̀, ọ̀rá ló lọ. Ọ̀pọ̀ ló ní méjèèjì.

Filler tí wọ́n fi èròjà kan tó ń jẹ́ hyaluronic acid ṣe wúlò fún ojú tó ṣófo, ó lè tó oṣù mẹ́fà sí ọdún kan ààbọ̀, tí ò bá sì tẹ́ yín lọ́rùn wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ míì yọ́ ọ. Abẹ́rẹ́ míì tó ń jẹ́ Sculptra kì í kún lójú ẹsẹ̀, ó máa ń jẹ́ kí ara fúnra ẹ̀ ṣe collagen, ìyẹn èròjà tó ń gbé awọ ró, díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ọdún 2004 làjọ FDA tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fáwọn tó ní kòkòrò HIV tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ti gbẹ, torí náà ìṣòro ojú jíjìn yìí ò ṣàjèjì sí wa. Àmọ́ filler ò lè gbé awọ tó dẹ̀ sókè. Àwọn tó bá ń rọ ọ́ sí i ṣáá kí awọ lè le, ojú wọn á wú, kò ní jọ tiwọn mọ́, tí abẹ́rẹ́ bá sì lọ ṣì wọnú iṣan ẹ̀jẹ̀, awọ lè kú, ojú lè fọ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, títí di àsìkò tí mò ń kọ èyí, ẹni tí kì í ṣe dókítà tàbí nọ́ọ̀sì lè máa fún èèyàn ní filler láìrú òfin, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbà á ní ṣọ́ọ̀bù onírun.

A tún lè fa ọ̀rá láti itan tàbí ikùn, ká fi sí ojú. Ara á gba díẹ̀ padà nínú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì ṣì ń fọn, ìyẹn náà á fọn. Ti awọ tó dẹ̀ gan-an, facelift ló lè tún un ṣe dáadáa: a máa gé e lẹ́bàá etí, a ó fa ohun tó wà lábẹ́ awọ sókè kó tó kan awọ fúnra ẹ̀, a sì lè ṣe ọrùn pọ̀ mọ́ ọn. Ojú á wú, á sì dúdú fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀jẹ̀ tó ń kó jọ sábẹ́ awọ la máa ń rí jù nínú ewu ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru sì máa ń dá kún un, iṣan (nerve) tó ń jẹ́ kí ojú lè máa mì náà lè fara pa, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn ò wọ́pọ̀.

Fún àwa aláwọ̀ dúdú, ẹ má fi ọ̀rọ̀ keloid, ìyẹn àpá tó máa ń wú sókè, pa mọ́ o. Ẹni tí ihò yẹtí ẹ̀ ti wú sókè rí gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà, torí ẹ̀bá etí náà la máa gé. Laser kan, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ tó lágbára tún awọ ṣe, tún wà tó lè fi àpá dúdú sílẹ̀ lára wa, ẹ bi ẹni tó fẹ́ lò ó bóyá ó ti lò ó fún awọ bíi tiyín, kẹ́ ẹ sì ní kó fi fọ́tò hàn yín.

Mi ò kì í dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fẹ́ni tó ṣì ń fọn. Jẹ́ kí ìwọ̀n ara dúró sójú kan fún oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà dáa jù, kẹ́ ẹ máa jẹ ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà dáadáa torí egbò ò lè jinná láìsí protein, kẹ́ ẹ sì jáwọ́ nínú sìgá ó kéré tán oṣù kan ṣáájú.

Ó ku ọ̀kan tó lè gbẹ̀mí èèyàn. Abẹ́rẹ́ tó ń mú ara fọn yìí máa ń jẹ́ kí oúnjẹ pẹ́ nínú ikùn, tí wọ́n bá wá kun èèyàn lóorun, oúnjẹ yẹn lè gòkè wá kó wọnú ẹ̀dọ̀fóró. Lọ́dún 2023, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń kunni lóorun ní Amẹ́ríkà ní kí ẹni tó ń gbà á lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Nígbà tó di 2024, wọ́n ní ọ̀pọ̀ lè máa gbà á lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n wo ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí àwọn kan mu nǹkan olómi nìkan ní wákàtí 24 tó ṣáájú. Ẹ má dá a dúró fúnra yín, pàápàá tó bá jẹ́ torí àtọ̀gbẹ lẹ ṣe ń gbà á. Bó bá sì jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti rà á, tójú ń tì yín láti sọ, ẹ ṣáà sọ orúkọ ẹ̀ àti ọjọ́ tẹ́ ẹ gbà á kẹ́yìn fún dókítà tó fẹ́ kùn yín lóorun.