Agbára ẹ́ńjìnnì àti ìyára gbígbéra nínú jíìpù bọ̀gìnnì

Agbára ẹ́ńjìnnì àti ìyára gbígbéra wà lára ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe jíìpù bọ̀gìnnì máa ń kọ́kọ́ kéde nípa ọkọ̀ tuntun wọn. Agbára ẹ́ńjìnnì ni ìwọ̀n iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì lè ṣe láàárín àkókò kan. Ìyára gbígbéra ni àkókò tí ọkọ̀ ń lò láti ojú kan tó dúró sí títí yóò fi máa sáré kìlómítà 100 ní wákàtí. Méjèèjì ló ṣe pàtàkì nínú irú ọkọ̀ yìí, àmọ́ kì í ṣe bí ìpolówó ọjà ṣe ń gbé e kalẹ̀. Ohun tó ń mú kí jíìpù ńlá rọrùn láti wà ni ipá tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní nígbà tó ṣì ń yí jẹ́jẹ́, àti agbára tó kù sí i lára nígbà tí èrò àti ẹrù kún inú ọkọ̀. Ìyàtọ̀ àárín ìṣẹ́jú àáyá 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 6 kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú ìrìn ojoojúmọ́.

Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n wọ́n

James Watt, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ló sọ agbára ẹṣin di òṣùwọ̀n ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, kí àwọn oníbàárà lè mọ iye ẹṣin tí ẹ̀rọ tó ń fi omi híhó ṣiṣẹ́ lè dípò. Agbára ẹṣin kan ti Watt jẹ́ wáàtì 746. Èyí tí wọ́n ń lò ní Jámánì àti púpọ̀ nínú ilẹ̀ Yúróòpù kéré sí i díẹ̀, wáàtì 735.5 ni. Ìdí nìyí tí ẹ́ńjìnnì jíìpù Lamborghini Urus kan náà fi lè jẹ́ agbára ẹṣin 650 nínú ìwé Yúróòpù, kí ó sì di 641 nínú ìwé Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn lórí ọkọ̀ tó lágbára jù ni ì bá ti tán kíá bí àwọn tó ń jiyàn bá kọ́kọ́ wo irú agbára ẹṣin tí oníkálukú ń kà.

Ipá ìyípo, tí wọ́n ń fi newton-mítà wọ̀n, ni okun tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ sí táyà. Bí a bá sọ ipá yìí di púpọ̀ pẹ̀lú bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí kíákíá tó, agbára ni yóò fún wa. Ẹ́ńjìnnì méjì lè ní agbára kan náà lórí ìwé, kí ọ̀kan nínú wọn nílò láti ké tòò kó tó mú un jáde, kí èkejì sì ti ní i lọ́wọ́ bí awakọ̀ ṣe fẹsẹ̀ kan iná. Ẹ́ńjìnnì onísilíńdà 12 inú Rolls-Royce Cullinan ń mú newton-mítà 850 jáde láti orí ìyípo 1,600 ní ìṣẹ́jú kan. Fún jíìpù tó wúwo, nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sọ púpọ̀ ju agbára ẹṣin lọ.

Ní Amẹ́ríkà, máìlì 60 ní wákàtí ni wọ́n fi ń dán ìyára gbígbéra wò, èyí tó jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 97. Àwọn tó ń dán ọkọ̀ wò níbẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti yí nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30, ìyẹn sì ń gé díẹ̀ kúrò nínú iye tí wọ́n ń kéde. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìmọ bí wọ́n ṣe kà á.

Ohun tí ìwúwo ń gbà

Ọ̀pọ̀ jíìpù bọ̀gìnnì wúwo ju kìlógíráàmù 2,000 lọ. Cullinan lé ní 2,600. Kí ọkọ̀ kìlógíráàmù 2,500 tó lè máa sáré kìlómítà 100 ní wákàtí, agbára tí yóò kó sára fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù kan joule, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn iṣẹ́. Bí ó bá fẹ́ ṣe é láàárín ìṣẹ́jú àáyá 8, ó gbọ́dọ̀ máa rí kìlówáàtì 121 gbà ní ìpíndọ́gba (kìlówáàtì kan jẹ́ wáàtì 1,000). Bí ìṣẹ́jú àáyá 5 ló bá fẹ́, ó di kìlówáàtì 193. Ìṣirò yìí kò tíì ka ti afẹ́fẹ́, ti táyà àti ti ohun tí jíà ń jẹ mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì kì í sì í wà lórí agbára rẹ̀ tó ga jù lọ ní gbogbo àkókò tí ọkọ̀ fi ń gbéra, nítorí náà ohun tí wọ́n ń kọ sórí ìwé gbọ́dọ̀ ga ju èyí lọ dáadáa.

Afẹ́fẹ́ ni ìnira kejì. Jíìpù ga, ó sì fẹ̀. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ọkọ̀ nílò láti la afẹ́fẹ́ kọjá yóò di ìlọ́po mẹ́jọ. Láti kìlómítà 100 sí 130 péré, ó ti ju ìlọ́po méjì lọ.

Bí agbára ṣe ń pọ̀ sí i

Nígbà tí Range Rover àkọ́kọ́ jáde ní 1970, ẹ́ńjìnnì V8 onílítà 3.5, ìyẹn onísilíńdà mẹ́jọ tí wọ́n tò bíi lẹ́tà V, ló wà nínú rẹ̀, èyí tí ilé-iṣẹ́ Rover mú láti ara iṣẹ́ Buick ti Amẹ́ríkà. Bó ṣe lè gba inú ẹrẹ̀ kọjá, kí ó sì tún rìn dáadáa lójú ọ̀dà, ni àwọn ènìyàn fi mọ̀ ọ́n. Ní 1986, Lamborghini gbé ẹ́ńjìnnì V12, onísilíńdà 12, sínú jíìpù rẹ̀ LM002, àmọ́ ìwọ̀nba ènìyàn ló ra ọkọ̀ náà. BMW X5 ti 1999 àti Porsche Cayenne ti 2002 ló yí ọjà yìí padà. Cayenne Turbo ní agbára ẹṣin 450, ó sì ń dé kìlómítà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5.6, eré tó jẹ́ ti ọkọ̀ eléré ìje títí di ìgbà náà.

Láti ibẹ̀ ni ìdíje ti le. Bentley Bentayga tí wọ́n fi hàn ní 2015 ní agbára ẹṣin 608, ìṣẹ́jú àáyá 4.1 ló sì ń lò. Urus sọ ọ́ di 3.6. Ní 2022, Ferrari Purosangue àti Aston Martin DBX707 dé 3.3. Tesla Model X Plaid, tó ní ẹ̀rọ oníná mẹ́ta, kéde agbára ẹṣin 1,020 àti ìṣẹ́jú àáyá 2.5 láti dé máìlì 60. Rolls-Royce gba ọ̀nà tirẹ̀: fún ọ̀pọ̀ ọdún, kì í sọ iye agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó kàn máa ń sọ pé ó tó ni. Ìdáhùn yẹn bá ohun tí ẹni tó ń ra ọkọ̀ ìgbádùn ń wá mu ju nọ́ńbà èyíkéyìí lọ.

Níbi tí agbára ti ń ṣe ẹni láǹfààní

Kíkọjá ọkọ̀ mìíràn lójú ọ̀nà tí àlọ àti àbọ̀ ti ń pàdé ni àpẹẹrẹ tó lágbára jù. Ká ní jíìpù kan ń fi ìṣẹ́jú àáyá 4 kúrò ní kìlómítà 80 dé 120, kí òmíràn máa fi 8 ṣe é. Èyí tó lọ́ra yóò lo ìṣẹ́jú àáyá 4 sí i lójú ọ̀nà ẹlòmíràn, ìyẹn nǹkan bí mítà 111, ọkọ̀ tó sì ń bọ̀ níwájú lórí eré kìlómítà 100 yóò ti sún mọ́ ọn ní mítà 111 mìíràn láàárín àkókò kan náà. Mítà tó lé ní 220 nìyẹn, ó sì lè jẹ́ òun ni yóò pinnu bóyá ọ̀nà yóò gba ọkọ̀ méjèèjì. Ó ṣeni láàánú pé ìwọ̀n 80 sí 120 yìí kì í sábà sí nínú ìwé ìpolówó, nígbà tó jẹ́ pé òun gan-an ló kan ẹ̀mí èèyàn.

Orí òkè gíga náà ń dán ẹ́ńjìnnì wò. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò sì ń pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀ fún mítà 1,000 kọ̀ọ̀kan tó bá gùn. Tọ́bò máa ń ti afẹ́fẹ́ wọlé sínú ẹ́ńjìnnì, ó sì ń dín àdánù náà kù.

Ní ti fífa ẹrù, ipá ìyípo àti jíà kékeré ló ń ṣiṣẹ́. Ní 2006, jíìpù Volkswagen Touareg tó ń lo epo dísẹ́ẹ̀lì, onísilíńdà 10, fa ọkọ̀ òfuurufú Boeing 747 tó wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 155. Agbára ẹṣin rẹ̀ kò ju 313 lọ, ṣùgbọ́n ó ní newton-mítà 750, eré tó sì fi fà á kò ju ti ẹni tó ń sáré díẹ̀ lọ.

Ìdákẹ́jẹ́ inú ọkọ̀ náà wà lọ́wọ́ agbára. Ẹ́ńjìnnì tí okun rẹ̀ tó kì í ké, jíà kì í sì í já wálẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ọ̀nà bá gòkè díẹ̀. Èrò tó wà lẹ́yìn kì í mọ̀ pé ọkọ̀ ti ń yára. Lójú ẹni tó mọyì irú ọkọ̀ yìí, ibí ni ìgbádùn wà, jíìpù tó bá sì ń ta èrò sẹ́yìn nígbàkígbà tí awakọ̀ bá fẹsẹ̀ kan iná kò tíì yẹ ní pípè ní bọ̀gìnnì, bó ti wù kí ó yára tó.

Jíìpù oníná mànàmáná ní gbogbo ipá rẹ̀ lọ́wọ́ láti ojú ìdúró, kò sì nílò láti pààrọ̀ jíà. Àmọ́ bátìrì ń dá kún ìwúwo rẹ̀, agbára rẹ̀ sì máa ń dín kù nígbà tí iná bátìrì bá fẹ́ tán tàbí tí bátìrì bá gbóná nítorí eré àsátúnsá.

Ààlà àti ìnáwó

Ohun tó bá yára gbéra gbọ́dọ̀ lè dúró. Ọkọ̀ tó ń sáré kìlómítà 140 ní wákàtí ní agbára eré tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti èyí tó ń sáré 100, bíréèkì ló sì máa gbà á. Ìdí nìyí tí àwo bíréèkì iwájú Urus fi fẹ̀ tó mílímítà 440. Gíga jíìpù tún ń mú kí ó fẹ́ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní kọ́nà, Bentayga sì lo ẹ̀rọ oníná fóltì 48 láti dá ara rẹ̀ dúró ṣánṣán.

Agbára púpọ̀ ń jẹ epo, ó ń jẹ táyà, àwọn ìjọba kan sì ń gbowó lé e lórí. Láti 2012, Ítálì ti ń gba owó orí yúrò 20 lórí kìlówáàtì kọ̀ọ̀kan tó bá lé ní 185, owó náà sì ń dín kù bí ọkọ̀ bá ṣe ń dàgbà. Àwọn ilé-iṣẹ́ Jámánì pàápàá fẹnu kò láàárín ara wọn láti dí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọn mọ́ kìlómítà 250 ní wákàtí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òpin eré kò sí ní apá púpọ̀ nínú ọ̀nà márosẹ̀ wọn.

Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá agbára jíìpù kan tó òun, kí ó wà á pẹ̀lú iye èrò àti ẹrù tí yóò máa kó, kí ó gun òkè pẹ̀lú rẹ̀, kí ó sì wo bí ó ṣe ń dáhùn láti kìlómítà 80 lọ sókè níbi tí ọ̀nà bá ti ṣófo.