Bí Jámánì ṣe ń lé àwọn ará Pólàǹdì kúrò nílé wọn, 1939 sí 1943

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ìbínú sójà lásán ló lé àwọn ará Pólàǹdì jáde nígbà ogun Hitler. Rárá o. Iṣẹ́ akọ̀wé ni. Ẹni tó ń bọ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń kà, kì í ṣe ẹni tí wọ́n fẹ́ lé.

Nígbà tí Jámánì gba ìwọ̀ oòrùn Pólàǹdì mọ́ tirẹ̀ ní oṣù kẹwàá 1939, Hitler ti ń pe àwọn ẹ̀yà Jámánì tó wà ní Estonia àti Latvia pé kí wọ́n máa bọ̀. Wọn ò kọ́lé dè wọ́n. Ó dà bí onílé tó ti gba owó ọdún méjì lọ́wọ́ ayálégbé tuntun nígbà tí ti àtijọ́ ṣì ń dáná ní kíṣìnnì: ẹrù àlejò ti dé ẹnu géètì, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jáde lálẹ́ yìí.

Ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní UWZ, ní Poznań àti Łódź, ló ń bójú tó lílé yìí. Adolf Eichmann, ọ̀gá kan nínú ọlọ́pàá Hitler, ń ṣètò ọkọ̀ ojú irin láti Berlin. Ọlọ́pàá á yí abúlé ká lóru. Ó sábà máa ń jẹ́ pé àkókò tí wọ́n fún ìdílé kan kò tó wákàtí kan, ẹrù kò sì gbọ́dọ̀ ju kílò 25 sí 30 lọ. Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Kí wọ́n fi í sílẹ̀ lára ilẹ̀kùn àti kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà mìíràn, ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹni tuntun ń wọlé.

Láti ọjọ́ 1 sí 17 oṣù kejìlá 1939, ọkọ̀ ojú irin 80 kó èèyàn tó lé ní 87,000 lọ sí àárín Pólàǹdì, agbègbè tí Hans Frank ń ṣàkóso fún Hitler, nínú òtútù. Frank fúnra rẹ̀ ráhùn pé òun ò ríbi fi wọ́n sí. Ní oṣù kẹta 1941, ọkọ̀ di ti ìmúrasílẹ̀ fún ogun tí Jámánì fẹ́ bá Soviet jà, kíkó wọn lọ sọ́dọ̀ Frank sì dúró. Ọ̀pọ̀ àlejò tí wọ́n pè wálé ṣì wà ní àgọ́.

Zamość, agbègbè kan lábẹ́ Frank níbi tí wọ́n ti tún fẹ́ lé àwọn àgbẹ̀ kí wọ́n lè fi àwọn Jámánì rọ́pò wọn, ni ètò náà ti tú. Abúlé Skierbieszów ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lóru ọjọ́ 27 mọ́jú 28, oṣù kọkànlá 1942. (Ibẹ̀ ni wọ́n bí Horst Köhler sí ní 1943, ẹni tó di ààrẹ Jámánì ní 2004, àwọn òbí rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n kó wá.) Nǹkan bí 110,000 ni wọ́n lé ní abúlé 297, àwọn ọmọdé sì tó 30,000. Ṣùgbọ́n ètò yìí nílò kí àgbẹ̀ jókòó sílé dè é. Nígbà tí ìròyìn tàn, ọ̀pọ̀ sá wọgbó, àwọn ajàjàgbara sì ń dáná sun ilé àwọn tuntun. Ní oṣù kẹjọ 1943, wọ́n pa á tì láìparí.