Láti 2 ohm dé 50 ohm: kí ni impedance matching ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà ámpílífáyà rédíò?

Wáyà tó ń gbé agbára láti inú ẹ̀rọ FM lọ sórí òpó, 50 ohm ni (ohm la fi ń wọn impedance, ìyẹn bí nǹkan ṣe ń dènà iná tó). Ṣùgbọ́n transistor, ohun tó ń sọ àmì rédíò di ńlá nínú ámpílífáyà, tó ń lo iná 28 volt, tí a sì fẹ́ kó gbé nǹkan bíi 200 watt jáde, ẹrù 2 ohm ló gbọ́dọ̀ rí níwájú rẹ̀. Bí a bá so ó mọ́ 50 ohm ní tààrà, 8 watt pàápàá kò ní í pé.

Coil (wáyà tí a ká) àti capacitor (ohun tó ń gba iná pamọ́ fún ìgbà díẹ̀) la fi ń ṣe alárinà tó ń mú kí méjèèjì bára mu; òun ni impedance matching. Ní 98 MHz, coil 16 nanohenry kan àti capacitor 160 picofarad kan ti tó láti sọ 50 di 2 lójú transistor. Ẹ má sì retí coil rẹpẹtẹ o: wáyà tí kò gùn ju bíi sẹ̀ǹtímítà méjì lọ ni. Bí ẹsẹ̀ capacitor bá fi mílímítà díẹ̀ gùn jù, ìṣirò ti dàrú nìyẹn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé 98 nìkan ni wọ́n bá mu. Bándì FM sì gùn láti 88 dé 108. L'Ékòó nìkan, Eko FM wà lórí 89.75, Radio Lagos wà lórí 107.5; ta ló fẹ́ máa tún coil ká fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan? Mo ṣírò rẹ̀: ní 88, nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 agbára náà ló ń ṣẹ́rí padà; ní 108, ó tó 21.

Gíga tí a fẹ́ fò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló fà á. Ẹ fi 2 pín 50, ẹ yọ 1 kúrò, kí ẹ wá square root rẹ̀: 4.9. Òun là ń pè ní Q. Bó bá ṣe ga tó ni bándì ṣe ń há tó.

Nítorí náà, ẹ gùn ún ní ìpele méjì: 2 sí 10, 10 sí 50. Ìlọ́po márùn-ún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, Q wọn sì di 2 péré. Ìdá 18 yẹn já wálẹ̀ sí bíi 4, 21 sì di 1. Ìpele kẹta ṣeé ṣe, àmọ́ coil kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ nínú agbára, ó sì ń gbóná; èmi kì í ṣe é.

Matching kò sọ pé kí a má fi fíltà, asẹ́ ìgbì rédíò, sí i o. Ámpílífáyà tún máa ń ju ìgbì tó jẹ́ ìlọ́po méjì ti ibùdó náà jáde. Ìlọ́po méjì 88 ni 176, inú bándì tẹlifíṣọ̀n VHF nìyẹn bọ́ sí. Fíltà tó bá tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ jẹ́ kí 108 kọjá láìdín, kó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ 176.