Ìtàn Bí Ìwọ̀n Epo Alùpùpù Asáré Ṣe Di Ohun Tí À Ń Yàn

Nígbà tí Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach gbé alùpùpù wọn jáde ní ìlú Cannstatt ní Jámánì lọ́dún 1885, kò sí ohun tó ń jẹ́ yíyan ìwọ̀n epo. Igi ni wọ́n fi ṣe férémù rẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 264 cc, agbára rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ìdajì họ́ọ̀sì páwà lọ. Afẹ́fẹ́ ń gba orí epo kọjá, ó ń gbé oru epo dání lọ sínú ẹ́ńjìnnì, bí ojú ọjọ́ bá sì ṣe gbóná tó ni epo ṣe ń yára di oru tó. Ẹni tó jókòó sórí rẹ̀ kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ sí i.

Ọdún 1893 ni Maybach yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ó ṣe kábúrétọ̀ kan tí epo ti ń gba ojú ihò tóóró tú jáde bí afẹ́fẹ́ ṣe ń sáré kọjá níwájú rẹ̀. Ihò yẹn ni mo kà sí ìpilẹ̀ṣẹ̀ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, nítorí pé ihò ṣeé fẹ̀, ó ṣeé dín kù, ó sì ṣeé pààrọ̀. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti wọlé tí kò tíì jáde: ta ni yóò pinnu bí epo tí ẹ́ńjìnnì ń mu yóò ṣe pọ̀ tó, ṣé ẹni tó ṣe é ni tàbí ẹni tó ń gùn ún?

Ìbéèrè náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Kí kílò pẹtiróòlù kan tó jó tán pátápátá, afẹ́fẹ́ tí yóò bá a pò gbọ́dọ̀ tó kílò 14.7. Bí a bá ń wá agbára tó pọ̀ jù lọ, a ó fi epo kún un títí afẹ́fẹ́ yóò fi wá sílẹ̀ sí nǹkan bíi 13. Bí epo bá kéré jù nígbà tí a fún ẹ́ńjìnnì níná gan-an, ooru á gorí ooru títí orí písítìn yóò fi lu. Bí epo bá pọ̀ jù, púlọ́ọ̀gì á dú bí ìdí ìkòkò, agbára á sì lọ sílẹ̀. Alùpùpù tó ń gbé èrò lọ sọ́jà lè fara da àṣìṣe díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì asáré tó ń yí ju ìgbà 10,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọwọ́ ẹni tó ń gùn ún àti mẹkáníìkì rẹ̀ ni àṣẹ yẹn wà. Amal ní Birmingham, Dell'Orto ní Ítálì, Mikuni àti Keihin ní Japan, ni àwọn tí orúkọ kábúrétọ̀ wọn tàn ká láàárín àwọn tó ń díje. Bí ẹ bá mú jẹ́ẹ̀tì Dell'Orto kan, ìyẹn ẹ̀yà tó ní ihò tí epo ń gbà kọjá, sọ́wọ́, ẹ ó rí i pé idẹ kékeré tí kò tó èékánná àtàǹpàkò ni, a sì fín nọ́ńbà sí i lára. Nọ́ńbà náà ń sọ bí ihò rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó ní ìdá ọgọ́rùn-ún mìlímítà: 100 jẹ́ mìlímítà kan géérégé, 105 sì fi ohun tí ojú lásán kò lè rí fẹ̀ jù ú lọ. Jẹ́ẹ̀tì kékeré ló ń bọ́ ẹ́ńjìnnì nígbà tó bá dúró sójú kan, abẹ́rẹ́ tó ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ ló ń darí epo láàárín, jẹ́ẹ̀tì ńlá ló sì ń jọba nígbà tí a bá yí ọwọ́ iná dé òpin.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ èyí tí wọn yóò yàn? Wọ́n á fún alùpùpù náà níná tán lójú ọ̀nà gbọọrọ, wọ́n á di kílọ́ọ̀ṣì mú, wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, wọ́n á sì tú púlọ́ọ̀gì wò kí àwọ̀ rẹ̀ tó yí padà. Bí ó bá funfun, epo kò tó. Bí ó bá dú, epo ti pọ̀ jù. Bí ó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí èèpo ẹ̀pà, a jẹ́ pé ó ti bọ́ sójú ẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì ọ̀kadà nílé wa mọ àmì yìí í kà dáadáa, nítorí pé kábúrétọ̀ ṣì wà lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà títí dòní.

Òfin ló gba àṣẹ náà kúrò lọ́wọ́ wọn. Láti orí àwọn alùpùpù ọdún 1978 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti fi ààlà sí èéfín tó ń jáde lẹ́yìn wọn, kí afẹ́fẹ́ tí aráàlú ń mí símú lè mọ́. Ìdí náà dára, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bí ni pé àwọn ilé iṣẹ́ ń dín epo kù, wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ tí kò ní ibi tí a ti lè gbé e sókè sínú kábúrétọ̀, wọ́n sì ń fi ìdérí idẹ dí ojú ìdè (síkúrù) tí a fi ń tún epo ìdúrósójúkan ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ dé ìdè náà ní láti fi ẹnu dírìlì tín-ín-rín lu ìdérí yẹn, kó rọra fà á yọ, kó sì ṣọ́ra kó má ba ìdè tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ní irú àkókò yìí ni jẹ́ẹ̀tì àti abẹ́rẹ́ tí a kó sínú páálí kan ṣoṣo di ọjà ńlá, Dynojet ní Amẹ́ríkà sì wà lára àwọn tó fi í gba orúkọ.

Nọ́sù ti ń bọ̀ lẹ́yìn. Kawasaki gbé Z1000H jáde lọ́dún 1980 pẹ̀lú nọ́sù tó ń fọ́n epo dípò kábúrétọ̀, BMW tẹ̀ lé e pẹ̀lú K100 lọ́dún 1983, Ducati sì ṣe 851. Nígbà yìí, ìwọ̀n epo ti di nọ́ńbà inú kọ̀ǹpútà kékeré, èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní bíréènì bọ́ọ̀sì. Lórí Ducati, ẹni tó bá pààrọ̀ sàlẹ́ńsà, tí ìwọ̀n epo sì yẹ kó bá a yí padà, a máa yọ ègé kékeré tó ń ṣe ìrántí inú kọ̀ǹpútà náà, a sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ alùpùpù Japan, kò sí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi sàlẹ́ńsà tó ṣí sílẹ̀ kún un á kàn rí i pé ẹ́ńjìnnì ń já mọ́ òun lọ́wọ́ ni.

Ìdáhùn tí Dynojet mú wá láàárín àwọn ọdún 1990 ni Power Commander, àpótí kékeré kan tó ń jókòó sáàárín bíréènì bọ́ọ̀sì àti nọ́sù. Kì í pàṣẹ tuntun. Ó ń gbọ́ àṣẹ tó wá láti òkè, á wá fi díẹ̀ kún un tàbí kó yọ díẹ̀ kúrò. Bí a bá ṣí i lójú kọ̀ǹpútà, ohun tí a ó rí dà bí ọ̀nà oko tí a pín sí ebè: lọ́nà kan, iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí, ní 250, 250, lọ́nà kejì, bí a ṣe yí ọwọ́ iná tó, láti 0, 2, 5, 10 títí dé 100 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú ebè kọ̀ọ̀kan ni nọ́ńbà wà, bíi 4, tó túmọ̀ sí pé kí epo ibẹ̀ fi ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Láti mọ ohun tí a ó kọ síbẹ̀, a ó gbé táyà ẹ̀yìn lé orí ìlù irin ńlá kan kó máa yí i, a ó sì máa wọn èéfín. Mo gbà tọkàntọkàn pé ìwọ̀n yìí ṣe pàtàkì ju àpótí náà lọ.

Yamaha R6 ti ọdún 2006 ló tún da ọ̀rọ̀ rú, nítorí pé lórí rẹ̀, kọ̀ǹpútà ló ń ṣí ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́, kì í ṣe okùn. Àpótí tó ń tún epo nìkan ṣe kò lè pàṣẹ fún ilẹ̀kùn yẹn. Àwọn kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú bíréènì bọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ láti kọ àwọn nọ́ńbà rẹ̀ ní àkọtun: epo, àsìkò tí púlọ́ọ̀gì ń ta iná, ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́, gbogbo rẹ̀. Àwọn tó ń sáré lórí pápá gba ọ̀nà yìí gan-an.

Òfin sì tún dé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, Harley-Davidson gbà láti san mílíọ̀nù 12 dọ́là fún ìjọba Amẹ́ríkà, kó sì dáwọ́ títa irinṣẹ́ ìtún-epo-ṣe rẹ̀ dúró, nítorí pé EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àyíká, ní irinṣẹ́ náà ń jẹ́ kí èéfín ju ohun tí ìwé àṣẹ gbà láàyè lọ. Ilé iṣẹ́ náà kò gbà pé òun jẹ̀bi.

Gbogbo ìtàn yìí lè wà lábẹ́ ìjókòó páwà báìkì tòkúnbọ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tó ni í tẹ́lẹ̀ lè ti tún epo rẹ̀ ṣe fún sàlẹ́ńsà kan, kó sì ti tú sàlẹ́ńsà náà tà kí ó tó kó alùpùpù sínú ọkọ̀ ojú omi. Nítorí náà, kí a tó ra ohunkóhun mọ́ ọn, ká ṣí ìjókòó, ká wá àpótí kékeré tí wáyà ti ara rẹ̀ lọ sí ibi nọ́sù, ká wo ohun tí wọ́n kọ sí i lára, kí a sì ka àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀.