Fílítà afẹ́fẹ́ alùpùpù: èyí tí à ń fọ̀ àti èyí tí a kì í jẹ́ kí omi kàn

Bí alùpùpù yín bá ń mu epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí kò sì fẹ́ sáré mọ́ bí ẹ tilẹ̀ yí tọ́tù rẹ̀ dé òpin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ẹ́ńjìnnì. Ẹ kọ́kọ́ ṣí àpótí fílítà wò.

Epo nìkan kọ́ ni ẹ́ńjìnnì ń lò. Kí kílò epo bẹntiróòlù kan tó lè jó tán dáadáa, ó nílò afẹ́fẹ́ tó tó kílò 14.7. Bí ẹ bá fẹ́ kí á fi lítà kà á, lítà epo kan ṣoṣo ń fa afẹ́fẹ́ bíi lítà 9,000 wọlé. Inú fílítà yẹn ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá, tòun ti eruku tó bá bá a wá. Nígbà tí eruku bá dí i, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé á dín kù, ṣùgbọ́n kabúrétọ̀, ìyẹn ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, kò ní dín epo kù tó bó ṣe yẹ. Epo á wá pọ̀ jù. Sàléńsà á máa tú èéfín dúdú, bí ẹ bá sì yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ ó rí i tí ẹnu rẹ̀ dúdú, tí nǹkan gbígbẹ bí èédú bò ó. Àwọn alùpùpù ìgbàlódé tí kò ní kabúrétọ̀, tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ń wọn epo fún wọn, lè má yọ èéfín rárá, àmọ́ agbára wọn á ṣì dín kù.

Síbẹ̀, fílítà tó dí kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Èyí tó ya ni, tàbí èyí tí wọ́n yọ jù nù pátápátá. Mo ń gbọ́ táwọn kan ń sọ pé bí a bá yọ fílítà, ẹ́ńjìnnì á mí dáadáa, á sì sáré sí i. Ẹ má gbà fún wọn. Iyanrìn kíkúnná wà nínú eruku. Tó bá wọlé, á pò mọ́ ọ́ìlì, á sì máa ha ríìǹgì, ìyẹn òrùka irin tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì gòkè lọ jó, àti ara sílíńdà tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Bó bá pẹ́ díẹ̀, èéfín aláwọ̀ búlúù á bẹ̀rẹ̀, ọ́ìlì á máa gbẹ, ẹ ó sì máa kíìkì í títí kó tó tan. Kò sí fílítà tó wọ́n tó iṣẹ́ tí ẹ ó ṣe nígbà náà.

Kí ẹ tó ṣí àpótí, ẹ nu eruku ara rẹ̀ kúrò, kó má baà já sínú. Ẹ wo bí fílítà ṣe jókòó dáadáa kí ẹ tó yọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ti ìka yín bọ inú rọ́bà tó gba afẹ́fẹ́ lọ sínú ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi nu ara rẹ̀. Ó yẹ kí ibẹ̀ mọ́. Bí ìka yín bá gbé eruku jáde, tí ẹ fi àtàǹpàkò ra á tó sì ń hà yín lọ́wọ́, afẹ́fẹ́ kan ń yọ́ wọlé láìgba inú fílítà nìyẹn: bóyá ó ya, bóyá etí rẹ̀ kò jókòó dáadáa, tàbí rọ́bà náà ti sán. Ẹ fi àkísà tó mọ́ dí ẹnu rọ́bà yẹn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Tó bá jẹ́ fóòmù, ẹ lè fọ̀ ọ́. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ ọ̀rá ara rẹ̀ kúrò, kí ẹ wá fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ṣàn án. Ẹ má lo bẹntiróòlù: ó lè gbiná, ó sì máa ń tú gọ́ọ̀mù tó so fóòmù pọ̀. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ omi kúrò. Ẹ má lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ, yóò ya. Ẹ sá a síbi tí òòrùn ò ti pa á, kó gbẹ délẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń fò ló kàn báyìí, ìyẹn ọ́ìlì. Ihò ara fóòmù fẹ̀, ọ́ìlì ló ń mú eruku. Ẹ lo ọ́ìlì tí wọ́n ṣe fún fílítà fóòmù, tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tuntun bí ìwé alùpùpù yín bá fàyè gbà á. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ títí àwọ̀ rẹ̀ á fi dọ́gba, tí kò sì ní máa kán mọ́. Fóòmù tó bá ń rún mọ́ yín lọ́wọ́ ti parí, ẹ ra òmíràn.

Fílítà bébà yàtọ̀ pátápátá. Omi ò gbọdọ̀ kàn án, kẹrosíìnì náà ò gbọdọ̀ kàn án. Tó bá jẹ́ bébà gbígbẹ, ẹ rọra gbá a mọ́ ọwọ́, kí ẹ wá fẹ́ ẹ láti ẹ̀gbẹ́ tó mọ́ síta. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà lè dá ihò sí i lára, nítorí náà kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ mọ níwọ̀n, kí ẹnu rẹ̀ sì jìnnà díẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀ níbi tó ṣókùnkùn: ibi tí iná bá ti yọ ṣóńṣó bí ojú abẹ́rẹ́, ihò ni, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bébà mìíràn wà tí wọ́n ti fi ọ́ìlì sí lára láti ilé iṣẹ́. Ìyẹn kò ṣeé fẹ́, kò ṣeé fọ̀, pípààrọ̀ nìkan ni tirẹ̀. Ìwé alùpùpù yín á sọ irú èyí tí ẹ ní.

Iye kìlómítà tí ìwé náà bá kọ fún fílítà, ojú ọ̀nà tó dára ló wà fún. Ẹni tó ń gun ọ̀nà eléruku lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ máa ṣí i wò kó tó dìgbà náà.

Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, ẹ yọ àkísà yẹn, ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa etí fílítà tó jẹ́ fóòmù, kí ẹ sì rí i pé etí rẹ̀ jókòó yípo kí ẹ tó dè é. Ẹ wo ìsàlẹ̀ àpótí náà. Rọ́bà kékeré kan sábà máa ń wà níbẹ̀ tí omi àti ọ́ìlì ń ṣàn sí. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ da ohun inú rẹ̀ nù, kí ẹ sì dá a padà. Bó bá jẹ́ ọ́ìlì ló kún un lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ péré, ẹ wọn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bóyá ẹ rọ ọ́ jù. Bí kò bá pọ̀ jù, ó ṣeé ṣe kí ríìǹgì ti jẹ, iṣẹ́ mẹkáníìkì sì nìyẹn.